Poro Ẹni Tí Kò Wá: Bí Mo Ṣe Lọ Wọn Ìṣọ̀kan Òṣìṣẹ́ ní Họ́láńdì

Ẹ̀yin ará Ìlá, ẹ̀yin ará Òkè-Ìlá àti Ọ̀tan, mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Àwọn kan ní àwo ni mo lọ ń fọ̀. Àwọn kan ní mo ti fẹ́ òyìnbó. Ẹnì kan tiẹ̀ sọ fún àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí ipò mi nínú ẹgbẹ́ akọrin, nítorí pé ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òyìnbó kì í padà. Ó dára. Mo ti padà, ipò mi nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣì ń bẹ, àwo tí mo fọ̀ lọ́hùn-ún kò ju èyí tí mo fi jẹun lọ, mo sì mú ìròyìn bọ̀ tí yóò mú orí yín wú.

Ìṣọ̀kan ni mo lọ wọ̀n. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́jọ́ tí mo lọ gba ìsinmi rẹ́rìn-ín débi pé díẹ̀ ló kù kó gbé wa wọ gọ́tà. Ó ní, "Mọ́mì, kóńgò wo lẹ fẹ́ fi wọ̀n ọ́n?"

Òótọ́ ni mo sọ fún un. Olùkọ́ ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìlá níbí. Ìwà àti ìrònú ẹ̀dá ni mo ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà. Láyé òde òní, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó jọ síbì kan jẹ́ ọ̀kan ní tòótọ́, àbí owó oṣù nìkan ló so wọ́n pọ̀. Ìwé ìbéèrè ni wọ́n máa ń pín. Ṣé inú rẹ dùn sí ẹgbẹ́ yìí? Ṣé ẹ máa ń ran ara yín lọ́wọ́? Bí ẹnì kan kò bá lè ṣe ipa tirẹ̀, kí ni àwọn yòókù ń ṣe? Wàá fi ààmì sí ìdáhùn tó bá tọ́ lójú rẹ, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tó bá jáde ni ìṣọ̀kan yín.

Mo ti pín irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí láàárín wa. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ọ̀tan, mo bá àwọn tíṣà méjì pàdé tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ yá ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ èkejì, ẹlòmíràn ni yóò rán. Nígbà tí mo gba ìwé wọn padà, àwọn méjèèjì ló fi ààmì sí ibi tó ga jù: ìfẹ́ ń bẹ, ìrẹ́pọ̀ ń bẹ, ọ̀yàyà ń bẹ. Mo fọgbọ́n bi ọ̀kan nínú wọn léèrè. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ kí n máa tú ìdí ilé wa fún bébà ni?" Mo rẹ́rìn-ín délé. Ìyẹn ni mo kọ sínú àròkọ kan, pé àwọn ènìyàn wa kì í bá ìwé sọ̀rọ̀ ilé wọn, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n ní láti wá wò wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Họ́láńdì ka àròkọ náà, ó ní kí n wá wo àwọn òṣìṣẹ́ kan fún òun bí mo ṣe máa ń wo àwọn ará Ìlá. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tó fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí wa ló ní kí a wá bá àwọn wọ̀n.

BISIKÍÌTÌ KAN

Ilẹ̀ yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ àwọn òkè wa láti kékeré á máa wá ibi tí ojú rẹ̀ lè sinmi lé, kò ní rí i. Oòrùn wọn nígbà òtútù sì dà bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Ọ̀sán kò tíì pé tán tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Inú ọkọ̀ ni mo wà nígbà tí mo rí i lókèèrè tí ọ̀run pọ́n, bí ìgbà tí wọ́n bá ń sun ìgbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo pariwo pé iná ń jó. Awakọ̀ kò tiẹ̀ yíjú. Ó ní iná kọ́, tòmátì ni. Àwọn ilé gíláàsì tí wọ́n fi ń gbin tòmátì ni wọ́n tan iná sí, nítorí oòrùn Ọlọ́run kò tó wọn.

Ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan ni mo dé sí. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wo kóòtù mi, ó ní, "Kóòtù yìí kò dára. Òtútù á mú ọ nínú rẹ̀." Ní Òṣogbo ni mo ti ra kóòtù yẹn o, inú mi sì ń dùn sí i. Kò ní ẹ kú àbọ̀, kò ní báwo ni ọ̀nà, kóòtù ló kọ́kọ́ bú. Ó po tíì, ó ṣí agolo kan, ó fún mi ní bisikíìtì kan, òun náà mú kan, ó dé agolo pa, ó gbé e padà sórí pẹpẹ. Mo jókòó, mo ń wo agolo. Nílé wa, bí o bá fún àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá ní bisikíìtì kan ṣoṣo, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìròyìn rẹ á ti dé Ọ̀tan. Mo fi ìbínú wọlé sùn.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, kóòtù ńlá kan ló wà lára ìlẹ̀kùn mi, èyí tí ọkọ ìyá náà tó ti kú máa ń wọ̀. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa rẹ̀, n kò sì rí i kí n dúpẹ́, ó ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Kóòtù yẹn ni mo wọ̀ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ kọ́gbọ́n, àmọ́ ọmọ Ìlá kì í tètè gbà pé òun kò mọ ènìyàn wò.

ÀWỌN TÍ KÌ Í KÍ NI

Ọ̀gá ilé gíláàsì tí wọ́n mú mi lọ jẹ́ ọkùnrin gíga kan tí màá máa pè ní Yọ́òpù. Orúkọ tí mo pe gbogbo wọn nínú ìwé yìí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an, wọ́n sì fún mi láyè kí n tó kọ ọ́. Yọ́òpù kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ẹgbẹ́ méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé náà, ọ̀kan lápá òsì. Ó ti kọ́ ilé tuntun síbòmíràn, ẹgbẹ́ kan péré ni yóò sì kó lọ síbẹ̀ lódindi. Èkejì, yóò tú wọn ká sí ibi tí ọwọ́ bá ti kù díẹ̀, ẹni tí kò bá sì ríbi wọ̀ á padà sílé.

Ó ní, "Ìwé ìbéèrè ti sọ ọ́. Ẹgbẹ́ ọ̀tún ṣọ̀kan, ẹgbẹ́ òsì kò ṣọ̀kan rárá. Wá fi ojú tìrẹ wò ó, kí n lè fọwọ́ síwèé."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ilé gíláàsì náà kò lè rí ìparí rẹ̀. Igi tòmátì ń gun okùn lọ sókè ju orí ènìyàn lọ. Yìnyín lè máa rọ̀ níta, inú ibẹ̀ móoru bíi Ìlá nínú oṣù kẹta, nígbà tí òjò kò tíì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ibẹ̀, gbogbo oríkèé ara mi ló dúpẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀tún wù mí lójú ẹsẹ̀. Aláriwo ni wọ́n, wọ́n ń kọrin pẹ̀lú rédíò, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Ọjọ́ ìbí ọ̀kan nínú wọn bá mi níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí ló gbé kéèkì wá fúnra rẹ̀, gbogbo àwọn yòókù sì ń kí ara wọn kú oríire, bí ẹni pé gbogbo wọn ni wọ́n bí lọ́jọ́ náà. Wọ́n kí èmi náà kú oríire ẹni tí n kò mọ̀ rí. Mo jẹ kéèkì, mo sì jó díẹ̀.

Mo wá lọ sápá òsì. Ará Pólándì ni gbogbo wọn, ọkùnrin àti obìnrin, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bàṣíà tí irun rẹ̀ ti funfun sì ni aṣíwájú wọn. Mo kí wọn kú àárọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mi orí. Èyí kò dùn mí tó bí ohun tí mo rí láàárín àwọn fúnra wọn: ẹnì kan á dé, á bọ́ kóòtù, á mú ọ̀bẹ rẹ̀, á kọjá lára ẹnìkejì bí ẹni kọjá lára òpó.

Ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún mi. Ìgbómìnà wo ló máa rí ẹni tí kò kí ẹnìkejì rẹ̀ láàárọ̀ tí kò ní sọ pé ìjà wà nílẹ̀? Nílé wa, a ń kí ẹni tó jókòó, a ń kí ẹni tó dìde, a ń kí ẹni tó ń jẹun, a sì ń kí ẹni tí ebi ń pa. Bí aládùúgbò méjì bá jí tí wọn kò kí ara wọn, àwọn àgbà ti ń múra àtipè wọ́n jókòó nìyẹn. Mo jókòó sórí àga tí Yọ́òpù gbé fún mi, mo ń to ìròyìn mi lọ́kàn: ìwé ìbéèrè jàre, kò sí ohun tó so àwọn ènìyàn yìí pọ̀.

Ohun tó gbà mí ni pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí. N kò lè jókòó máa wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oko. Ọwọ́ á máa yún mi. Mo ní kí Yọ́òpù fún mi ní iṣẹ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ òsì. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní olùkọ́ ni mí. Mo ní kó jẹ́ ká wò ó.

MO GBA PORO

Àlàfo tó wà láàárín ìlà tòmátì kan àti èkejì, poro ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pe àárín ebè. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Wàá ti kẹ̀kẹ́ kékeré kan síwájú, wàá máa gé èyí tó pọ́n, wàá máa tò ó sínú àpótí. Èyí tó bá pọ́n lónìí, òní náà lo gbọ́dọ̀ já a. Bí ó bá di ọ̀la, á ti rọ̀ jù fún ọjà.

Bàṣíà fún mi ní ọ̀bẹ, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó yí i díẹ̀. Ó ní, "Báyìí." Kò tún sọ nǹkan mìíràn títí di ọ̀sán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó fọ́ ni àwa méjèèjì fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, èdè yẹn kò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Àmọ́ ní Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, "ẹ" ni màá fi bá a sọ̀rọ̀, nítorí ó jù mí lọ, ìyá mi kò sì kọ́ mi ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.

Ní ọ̀sán, a jókòó jẹun. Oúnjẹ àwọn ará Họ́láńdì kò jẹ́ nǹkan: búrẹ́dì tútù, àti wàrà tí wọ́n ti tọ́jú títí ó fi le bí ọṣẹ. Ti àwọn ará Pólándì yìí sàn díẹ̀. Wọ́n ní ọbẹ̀ pupa kan tó kan, àti kùkúḿbà tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀. Oníkálukú gbé abọ́ rẹ̀ sáàárín, ẹnikẹ́ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó yá. Èmi náà gbé gaàrí àti ẹ̀pà mi kalẹ̀. Ọkùnrin kan gbé e sókè, ó wò ó, ó béèrè bóyá ìyẹ̀fun pákó ni. Mo bu omi sí i, mo fi ṣúgà sí i, mo fún un. Ó mu ún tán, ó na ife padà sí mi. Obìnrin tó jókòó tì mí ń jẹ́ Máàtà, kò tíì tó ogójì ọdún. Mo rí i tí ẹni tó wà lápá kejì rẹ̀ bá a gé búrẹ́dì rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí a bá ń bá ọmọ gé ẹran. N kò rò ó sí nǹkan kan.

Àfi ọjọ́ tí mo tètè já poro mi dé òpin. Mo yí gba ẹ̀yìn, mo bá Máàtà lórí àpótí kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, láàárín ewé. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú, ó ti pọ́n. Ọwọ́ òsì ló fi ń ká okùn jọ. Nínú poro rẹ̀, ọkùnrin tó mu gaàrí mi ń já tòmátì bí ẹni tí ẹkùn ń lé. Ó já a dé ibì kan, ó padà sínú poro tirẹ̀, obìnrin mìíràn sì wọlé láti ibi tó já a dé. Kò sẹ́ni tó pe ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó wo aago.

Mo dúró síbẹ̀, ọkàn mi ti wà lóko wa. Bàbá Dépò, àbúrò bàbá mi, ń dá oko iṣu àti kòkó lọ́nà Òkè-Ìlá, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ àáró kan títí di òní. Ẹ mọ àáró: lónìí gbogbo wa á ro oko tèmi, lọ́la a ó ro tìrẹ. Nínú ẹgbẹ́ tiwọn, bí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn, poro tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ro, kí oòrùn tó mú, kí wọ́n tó wọ tiwọn. Wọn kì í pe ìpàdé lé e lórí. Bí o bá sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn ara wọn, èébú ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Láti kékeré ni mo ti ń rí i, mo sì rò pé gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni orí mi wú gan-an, tí mo mọ̀ pé ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá kiri wà lẹ́yìn ilé bàbá mi.

OHUN TÍ BÀṢÍÀ SỌ

Nígbà tí mo yíjú, Bàṣíà ló dúró lẹ́yìn mi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ó ní, "O ti rí i."

Mo ní, "Mo ti rí i, mà."

Ó sọ fún mi pé bí àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ bá gbọ́ nípa ọwọ́ yẹn, wọ́n á dá Máàtà padà sílé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọkọ rẹ̀ ti lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ohun tó ń fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ. Dókítà sì ti sọ pé ọwọ́ náà á san bí ó bá sinmi. Mo bi í léèrè ìwé ìbéèrè, pé kí ló dé tí ó fi jáde bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ìwé yẹn béèrè ohun tí a ń ṣe bí ẹnì kan kò bá lè ṣe ipa tirẹ̀. Bí a bá sọ òótọ́, wọ́n á wá a rí. Irọ́, èmi kì í pa á. Torí náà gbogbo wa fi ààmì sí 'n kò mọ̀', láti òkè délẹ̀."

Ẹ̀rín pa mí, ó sì pa mí lẹ́kún. Nílé, àwọn tó ń jà ní ìfẹ́ ń bẹ. Níbí, àwọn tó ṣọ̀kan ní àwọn kò mọ̀. Ẹ̀rọ tó sì ro ìwé wọn pọ̀ ti kà á sí pé wọn kò jẹ́ nǹkan kan sí ara wọn.

Bàṣíà béèrè ohun tí màá kọ. Mo ní n kò tíì mọ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Bí mo bá kọ ohun tí mo rí, ẹgbẹ́ yẹn á dúró, Máàtà á lọ. Bí n kò bá kọ ọ́, wọ́n á tú gbogbo wọn ká, ibi tí wọ́n bá sì rán Máàtà lọ, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á rí ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ó ní, "Má kọ ọ́."

Mo ní, "Wọ́n á tú yín ká o, mà."

Ó ní, "A ti sọ ọ́ láàárín ara wa. Kí wọ́n tú wa ká. A ò ní fi òun nìkan sílẹ̀."

Ó padà sínú poro rẹ̀. Mo jókòó ti Máàtà lórí àpótí, mo sunkún díẹ̀, òun ló fi ọwọ́ òsì rẹ̀ gbá mi lẹ́yìn.

Ọ́FÍÌSÌ

Ọjọ́ tí wọ́n máa fọwọ́ síwèé, àárọ̀ kùtù ni Yọ́òpù ti pè mí wọ ọ́fíìsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó pè mí wá wà níbẹ̀, ó ti fi àwòrán ìṣirò hàn lára ògiri: ilé gogoro kan fún ẹgbẹ́ ọ̀tún, ahéré kan nílẹ̀ fún ẹgbẹ́ òsì. Wọ́n ní kí n sọ tèmi.

Mo ní, "Ìwé yín ti yí nǹkan po. Ẹgbẹ́ òsì ló ṣọ̀kan jù. Mo ti rí ẹ̀rí rẹ̀, àmọ́ n kò lè sọ ọ́."

Yọ́òpù ní, "Ohun tí o kò lè fi hàn wá, a kò lè kà á."

Mo tún un sọ lọ́nà mìíràn, ó tún dá mi lóhùn bákan náà. A jẹ búrẹ́dì tútù, a tún jókòó. Mo bá wọn fa ọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há. Ẹ mọ ìbínú àwa ará Ìlá, kì í tètè dé, àmọ́ bí ó bá dé, á gba àga jókòó. Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé yẹn, kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú rẹ̀, torí a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, n kò sì ní wá ilẹ̀ òyìnbó wá sọ ohun tí ojú mi kò rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ilẹ̀. Yọ́òpù mú bírò.

Ó fẹ́ fọwọ́ sí i ni ó dúró. Ó ní, "Poro tìrẹ ńkọ́? Láti àárọ̀ lo ti wà níbí."

Mo ti gbàgbé pátápátá. Ilẹ̀ ti ṣú níta, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣíwọ́, tòmátì tó pọ́n nínú poro mi á sì ti di ẹrù ìdànù. N kò sọ fún ẹnì kankan nínú ẹgbẹ́ òsì pé n kò ní wá lọ́jọ́ yẹn. Èmi fúnra mi kò mọ̀. Yọ́òpù fi bírò sílẹ̀, ó dìde tìbínú-tìbínú, àwa méjì tẹ̀ lé e.

Apá ọ̀tún ni a kọ́kọ́ gbà kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn aláyọ̀ yẹn ti lọ tọ́jú eyín láti ọ̀sán. Poro rẹ̀ pupa lábẹ́ iná, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kí ara wọn kú ìrọ̀lẹ́ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, wọ́n ti lọ sílé. Yọ́òpù dúró wò ó.

A dé poro tèmi. Ewé nìkan ló kù níbẹ̀. Èyí tó pọ́n kò ku ẹyọ kan lórí igi. Àwọn àpótí ti kún, wọ́n ti tò wọ́n léra, wọ́n sì ká ìbọ̀wọ́ mi lé orí wọn. Àwọn ẹgbẹ́ òsì ń wọ kóòtù wọn lọ́wọ́, àárẹ̀ hàn lójú wọn.

Yọ́òpù bi wọ́n pé, "Ta ló ní kí ẹ já a?"

Wọ́n wo ara wọn. Máàtà wà láàárín wọn, ó ki ọwọ́ bọ àpò. Bàṣíà ló dáhùn, ó ń de bọ́tìnì lọ, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Òun kò sí níbí, poro rẹ̀ wà níbí." Ó sì jáde.

Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ bá rí mi lọ́jọ́ náà! Èmi àlejò, aláwọ̀ dúdú, onígaàrí, tí n kò gbọ́ èdè wọn, tí mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò mọ ènìyàn kí. Wọ́n ti kà mí mọ́ ara wọn, n kò sì mọ̀. Omi ń dà lójú mi, n kò nù ún, nítorí ayọ̀ ni.

Yọ́òpù rin poro náà dé òpin, ó rìn ín bọ̀. Ó béèrè bóyá a ní orúkọ fún irú nǹkan báyìí nílé wa. Mo ní àáró ni. Ó gbìyànjú láti pè é, ó dà bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Ó padà wo poro pupa tó wà lápá ọ̀tún, ó ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n kó ìwé rẹ̀ padà, ẹgbẹ́ òsì ló máa lọ sílé tuntun, gbogbo wọn, kí ẹnì kankan má ṣe yọ. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀tún náà kò ṣòfò. Ibi tí wọ́n ti ń di tòmátì ni ó fi ọ̀pọ̀ wọn sí, orin wọn sì ń dùn níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ fún wọn kò gùn. Mo ní bí ẹ bá fẹ́ mọ ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́, ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ẹ dúró di ọjọ́ tí ẹnì kan kò wá, kí ẹ lọ wo poro rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ti ń kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀ báyìí, àáró ló ń pè é lójú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó máa ń sọ pé kò sí ohun tí a rí kọ́ nílé, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

LÁBẸ́ IGI KÒKÓ

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kó ènìyàn jọ kí n wá sọ̀rọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, ìbéèrè wọn sì pọ̀ nípa ìwọ̀n náà: bóyá ó ṣeé lò ní báǹkì, bóyá ó ṣeé lò ní kánsù. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀, inú mi dùn.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo lọ kí Bàbá Dépò lóko. Mo bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àáró wọn tí wọ́n ń sinmi lábẹ́ igi kòkó, wọ́n ń fi epo jẹ iṣu sísun. Mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á hó. Ọ̀kan nínú wọn jẹ iṣu tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ó ní, "Kí ni àwọn ẹgbẹ́ ọ̀tún yẹn wá fẹ́ fi poro ẹni tí kò wá ṣe?" Àwọn yòókù ní ìbéèrè gidi ni.

Bàbá Dépò kò bá wọn dá sí i. Bàbá náà bi mí pé, "Ọwọ́ obìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti san?"

Nínú gbogbo àwọn tí mo ti sọ ìtàn yìí fún ní Ìlá, kò tíì sẹ́ni tó béèrè ìyẹn. Èmi náà kò béèrè láti ìgbà tí mo ti dé.

Bàbá Dépò ní, "Pè é."

Mo gun orí àpáta kan kí n lè rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo pe Máàtà, mo sì fi ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tì. Ó dá ohùn mi mọ̀. Ó ní ọwọ́ òun ti san, méjèèjì ni òun fi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mo túmọ̀ rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kígbe lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Mo ní kó bá mi kí Bàṣíà. Ó ní Bàṣíà kò wá lónìí, ẹ̀yìn ń dùn ún, inú poro Bàṣíà ni òun wà yìí.

Mo túmọ̀ ìyẹn náà fún wọn. Bàbá Dépò dìde, wọ́n na ọwọ́ mú ọkọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Pa fóònù yẹn. O ń dá a dúró."